Èyí Tó Kú àti Èyí Tó Rúwé

Èèpo ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Èèpo obliqua nípọn, ó rí ṣákaṣàka, fọ́nrán rẹ̀ gùn, ó sì bo igi náà láti ìdí títí dé ẹ̀ka òkè. Bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ rọ̀ díẹ̀ kí ọwọ́ mi tó kan ibi líle. Ti regnans kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìkan ni èèpo gbígbẹ bò, mítà mélòó kan sókè. Lẹ́yìn náà ara igi náà á di dídán, á funfun, á sì máa lọ sókè, á máa lọ, títí ọrùn ẹni tó ń wò ó á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Èèpo tó ń bọ́ sílẹ̀ ṣì rọ̀ mọ́ ọn lára ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn gùn ju ènìyàn mẹ́ta lọ. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, wọ́n á máa na ara igi náà lókè lọ́hùn-ún, pá, pá, pá. Ohùn yẹn ni mo ń gbọ́ láàárọ̀ yìí, òun àti ìró omi tó ń kán láti ara ewé sórí ewé.

Orí òkè Kinglake ni mo wà, lápá àríwá Melbourne, ní ìpínlẹ̀ Victoria, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ilẹ̀ àwọn Wurundjeri ni láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Yukalíptọ́sì ni igi méjèèjì. Àwọn ará ibí ń pe regnans ní mountain ash, wọ́n ń pe obliqua ní messmate. Orí òkè gan-an, níbi tí oòrùn ti ń gbẹ ilẹ̀, ni obliqua wà. Bí ènìyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí gúúsù (ní apá ayé yìí, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà, nítorí náà ìhà gúúsù ni òjìji àti ọ̀rinrin), afẹ́fẹ́ á tutù lójijì, ilẹ̀ á rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, igbó regnans á bẹ̀rẹ̀. Kò sí ààlà tí ẹnikẹ́ni fà. Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé, wọ́n máa ń gbà fún ara wọn: òdòdó ti ọ̀kan á gba lẹ́búlẹ́bú òdòdó ti èkejì, igi tó bá hù nínú kóró bẹ́ẹ̀ á mú nǹkan lára ìyá, á mú nǹkan lára bàbá. Bí ìbátan wọn ṣe sún mọ́ra tó nìyẹn.

Fún ẹni tó ń kọjá lọ nínú mọ́tò, igi kan náà ni wọ́n. Àwọn oníṣòwò pákó pàápàá kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n máa ń kó pákó regnans àti ti obliqua pọ̀ mọ́ ti ìbátan wọn kẹta, delegatensis, wọ́n á sì ta gbogbo rẹ̀ lórúkọ kan ṣoṣo, Tasmanian oak. Nígbà tó bá ti di àga tàbí tábìlì, kò sẹ́ni tó máa béèrè èwo lèwo. Iná ló mọ ìyàtọ̀ wọn.

Lọ́jọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2009, ooru Melbourne dé ìwọ̀n 46.4 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òjò ti ṣọ̀wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ọjọ́ náà. Atẹ́gùn gbígbẹ ń fẹ́ láti àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà wá, iná sì sọ ní ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ènìyàn 173 ló kú, púpọ̀ nínú wọn ní Kinglake yìí àti ní Marysville. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tó wà níbẹ̀. Ọ̀fọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, àwọn tó bí wọn àti àwọn tí wọ́n bí ló ni ín. Igbó ni mo lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, torí pé igbó náà ṣì ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn fún ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó.

Ní Wallaby Creek, tí kò jìnnà síbí, àwọn regnans kan wà nígbà náà tí wọ́n ti lo nǹkan bí 300 ọdún. Nígbà tí wọ́n ń hù, Ọ̀yọ́ Ilé ṣì ń ná ọjà, ṣì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Iná kan ṣoṣo ló parí wọn. Èèpo fẹ́lẹ́ yẹn, tó dán tó sì wu ojú rí, ni kò lè dá ooru dúró fún igi. Ibi tó wà láàyè lábẹ́ èèpo náà jóná, ewé òkè tán, igi náà sì kú lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n lókè pátápátá, láàárín àwọn ẹ̀ka tó jó, apó kóró kéékèèké ṣì wà, wọ́n le, wọ́n dì pinpin. Iná náà yára kọjá lórí wọn; ooru rẹ̀ mú kí wọ́n gbẹ, kò dé àárín wọn. Lẹ́yìn tí èéfín ti lọ, wọ́n là. Kóró inú wọn kéré débi pé bí mo bá tú u sí àtẹ́lẹwọ́, èémí mi lè gbé e lọ. Ó ń já bọ́, ó ń já bọ́, sórí eérú tó ti tutù. Ó pọ̀ ju ohun tí èèrà lè kó jẹ tán lọ. Òjìji tó ì bá bò ó ti lọ. Ilẹ̀ rọ̀. Òjò dé, ó sì hù, ó hù tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé lẹ́yìn irú iná bẹ́ẹ̀, ọmọ igi lè ju mílíọ̀nù kan lọ lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan.

Obliqua kò kú. Iná jó ewé rẹ̀ tán, ó sọ èèpo rẹ̀ di dúdú kirikiri, ẹni tó bá rí i lọ́sẹ̀ yẹn á ní ó ti parí. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ èèpo nínípọn yẹn, níbi tí èèpo ti fẹnu kan igi, ni ó fi ohun tó lè di ẹ̀ka pa mọ́ sí. Kò tíì di ẹ̀ka, kò tíì di ìrudi pàápàá. Ibi kan lásán ni, tó lè di nǹkan bí a bá pè é. Nígbà tí ewé òkè ṣì wà, wọ́n mú un sùn. Nígbà tí ewé òkè jóná, kò sí ohun tó ń mú un sùn mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewé tútù ti ń yọ láti ara igi dúdú náà fúnra rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, níbi tí kò yẹ kí ewé wà. Kókó kan tún wà tó wú sí ìdí rẹ̀ nínú ilẹ̀, tó lè rúwé bí gbogbo ara òkè bá tilẹ̀ ti lọ.

Àwọn ọmọ bàbá kan náà, òkè kan náà, iná kan náà. Ọ̀kan kú, ó fi ọmọ sílẹ̀. Ọ̀kan kò kú, ó tún ara rẹ̀ ṣe.

Ní ilé wa, bí àgbàlagbà bá kú, àwọn tó wá kí wa kì í jókòó tán kí wọ́n tó sọ ọ́: bí iná bá kú, á fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, á fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Mo ti gbọ́ ọ, èmi náà sì ti fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, mo sì rí i tí ojú ẹni náà rọ̀ díẹ̀. Nínú òwe náà, eérú wà lápá kan, ọmọ wà lápá kejì. Lórí òkè yìí, ojú kan náà ni wọ́n wà. Inú eérú ìyá gan-an ni ọmọ hù sí, eérú yẹn sì ni oúnjẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbá ewé gbígbẹ kúrò lórí ilẹ̀, mo fi ìka wa díẹ̀. Èédú ṣì wà níbẹ̀, kéékèèké, dúdú, láàárín gbòǹgbò tó ń yè.

Òwe náà dára. Síbẹ̀, ta ló tì í lẹ́yìn bí kò ṣe àwa tó kù? Ìtùnú tó wà nínú rẹ̀, ti alààyè ni. Kò sẹ́ni tó bi ọ̀gẹ̀dẹ̀ léèrè bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn pé wọ́n rọ́pò òun. Regnans tí iná 2009 pa kò rí ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ tó hù sí ìdí rẹ̀; ó ti kú kí kóró tó balẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé wo nìyẹn, kí ẹni di kóró sókè fún ọdún gbọọrọ, kí ó ṣí i lẹ́yìn ikú ara rẹ̀, kí ó sì fi gbogbo rẹ̀ lé atẹ́gùn lọ́wọ́? Bóyá ìgbẹ́kẹ̀lé kọ́ rárá. Bóyá bí nǹkan ṣe rí lásán ni, tí èmi ń fi ojú ènìyàn wò ó.

Mo mọ Babátúndé púpọ̀. Ìyá ìyá tèmi náà, ọjọ́ tí wọ́n sin ín, ọ̀pọ̀ ẹnu ló ní yóò padà wá. Mi ò fi èyí ta ko ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ tí ọkàn mi ti ń fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí Babátúndé kan tó rántí ọ̀nà oko tí bàbá bàbá rẹ̀ ń tọ̀. Ìrìn lè padà wá, ìrísí ojú lè padà wá, ohùn lè padà wá nínú ẹ̀rín ọmọdé kan débi tí gbogbo ilé á dákẹ́. Ọ̀nà oko yẹn kò padà wá. Ọmọ regnans tó wà níwájú mi yìí ní èèpo ìyá rẹ̀, ewé ìyá rẹ̀, gígùn ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ọ̀dá tí ìyá rẹ̀ fara dà, àwọn ẹyẹ tó bà lé e ní ọ̀rúndún kan sẹ́yìn, gbogbo ìyẹn wà nínú igi tó kú, ó sì bá a lọ.

Nítorí náà ó rọrùn láti sọ pé ọ̀nà ti obliqua ló sàn. Òun kò fi ohunkóhun lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣì wà.

Mo súnmọ́ ọ̀kan nínú wọn, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Èèpo rẹ̀ ṣì dúdú láti ìgbà iná yẹn. Ó fi èédú sí mi lọ́wọ́. Kí ni ó wà nínú ohun tí mo fọwọ́ kàn yìí gan-an? Èèpo òde ti kú. Igi inú, èyí tó gbé gbogbo rẹ̀ ró, ti kú tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni igi gbogbo ṣe rí, àárín wọn kì í wà láàyè. Ewé orí rẹ̀ kò sí níbẹ̀ kí iná tó dé. Ohun tó wà láàyè lára igi ńlá yìí, yàtọ̀ sí ewé àti ẹnu gbòǹgbò, kò fi bẹ́ẹ̀ ju awọ tín-ín-rín kan lọ, láàárín èèpo òkú àti igi òkú. Awọ yẹn ló là á já. Òun ni a ń pè ní igi náà nígbà tí a bá ní igi náà kò kú. Mo wo ọwọ́ ara mi tó ti dúdú. Irun mi ti kú, èékánná mi ti kú, awọ òde ara mi ti kú, mo sì ń rìn káàkiri pẹ̀lú wọn, mo ń pe gbogbo rẹ̀ ní èmi. Ọmọkùnrin tó ń jẹ́ orúkọ mi ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, níbo ló wà? Kò kú, torí a kò sin ín. Kò sì sí.

Lára gbogbo ohun tí obliqua fi pa mọ́, àwọn ohun tó ń sùn lábẹ́ èèpo ni wọn kì í jẹ́ kí n sinmi. Iye wọn pọ̀ lára igi kan ṣoṣo. Bí àlàáfíà bá wà títí igi náà fi gbó tó sì wó, a kò ní pe púpọ̀ nínú wọn láéláé. Ìyè ni wọ́n, àmọ́ ìyè tó jẹ́ pé àjálù ló mọ orúkọ rẹ̀. Mo ń ronú nípa àwọn obìnrin tí mo mọ̀ tí ọkọ wọn kú tí wọ́n sì di ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé wọ́n lè dà: oníṣòwò, olórí ilé, alágbára. Ewé tó yọ lára wọn lẹ́wà. Síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ì bá yàn án. Èmi náà, kí ni ó ń sùn lábẹ́ èèpo mi, tí mo ń gbàdúrà kó má jí?

Kùrukùru ti gòkè dé ibi tí mo wà. Orí àwọn regnans ti bọ́ sínú rẹ̀, n kò rí ibi tí wọ́n parí sí mọ́. Ẹyẹ lyrebird kan ń kọ ní ìsàlẹ̀, ẹyẹ tó máa ń sín ohùn àwọn ẹyẹ mìíràn jẹ. Ó kọ bí ẹyẹ kan, ó kọ bí òmíràn, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìran wọn máa ń kọ́ ohùn lára ara wọn, láti ọ̀dọ̀ àgbà dé ọ̀dọ̀ ọmọdé. Ìyẹn náà jẹ́ ọ̀nà kan tí ohun kan lè gbà kọjá ikú ẹni tó ni ín.

Nínú gbogbo yukalíptọ́sì ayé, tí wọ́n lé ní 700 ẹ̀yà, obliqua ni èyí tí àwọn ará Yúróòpù kọ́kọ́ fún lórúkọ tí gbogbo wọn ń jẹ́. David Nelson ló já ẹ̀ka rẹ̀ kan ní 1777, ní Adventure Bay, lórí erékùṣù Bruny ní Tasmania, nígbà tí ọkọ̀ James Cook dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Àwọn Nuenonne ló ni erékùṣù náà, wọ́n sì ti mọ igi yẹn, wọ́n ti ń dáná rẹ̀, wọ́n ti ń sùn lábẹ́ rẹ̀, kí ọkọ̀ ojú omi kankan tó gúnlẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀ka gbígbẹ náà dé London. Níbẹ̀ ni L'Héritier, ará Faransé, ti rí i tó sì rí i pé ìrudi òdòdó rẹ̀ ní ìdérí tó ń ṣí bọ́ kúrò nígbà tí òdòdó bá fẹ́ yọ, ó sì fi ìyẹn sọ ọ́ lórúkọ. Ìwé tó gbé orúkọ náà jáde, 1788 ni wọ́n kọ sí i lára. Ní 1789, Nelson kú ní Kupang, ní erékùṣù Timor, lẹ́yìn tí àwọn atukọ̀ ọkọ̀ Bounty ti lé òun àti ọ̀gá rẹ̀, Bligh, sínú ọkọ̀ kékeré kan lójú òkun. Ní 1800 wọ́n pa L'Héritier ní Paris. Ẹ̀ka tí Nelson já ṣì wà ní London, ewé rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tí a já kúrò lára igi, tí ó yẹ kó kọ́kọ́ ṣègbé, ló ṣẹ́kù lẹ́yìn ọwọ́ tó já a. Obliqua fúnra rẹ̀ kò mọ gbogbo èyí. Ó ń hù láti Queensland títí dé Tasmania, ó sì ń rú.

Ti regnans, Ferdinand von Mueller, ọmọ Jámánì tó di ará Melbourne, ló fún un lórúkọ ní 1871, orúkọ tó fi í jẹ ọba. Ó wà lára àwọn igi olódòdó tó ga jù lọ láyé. Èyí tó ga jù nínú wọn lónìí wà ní Tasmania, Centurion ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ní 2018, ó jẹ́ mítà 100.5. Ẹni tó bá ti dúró ní ìdí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn, tó gbójú sókè, ti mọ bí ìyẹn ṣe ga tó. Ilé Kòkó fi mítà díẹ̀ ga jù ú lọ, òun náà sì ti jóná rí, ní 1985. Ọdún gbọọrọ ni ó gbà kí ènìyàn tó tún un ṣe. Igi kò ní ẹni tó ń bá a tún un ṣe. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, iná dé ìdí Centurion, ó jó o lára, igi náà sì wà láàyè síbẹ̀, òun regnans tí iná máa ń pa. Mo fẹ́ràn ìròyìn yẹn. Kò bá ohun tí mo ti ń sọ látẹ̀ẹ̀kan mu, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Èyí tó ga ju gbogbo wọn lọ tí ẹni tó mọ iṣẹ́ ìwọ̀n wọ̀n, ní Thorpdale ní Victoria níhìn-ín, ní àwọn ọdún 1880, ó gùn ní mítà 114.3. Ìgbà tí wọ́n ti gé e lulẹ̀ ni wọ́n wọ̀n ọ́n.

Bí mo bá dúró sí ìdí ọ̀kan nínú wọn báyìí, tí mo fẹ̀yìn tì í, mi ò ní ju ìdí rẹ̀ lọ, mi ò ní ju eruku tó wà ní ìdí rẹ̀ lọ. Kì í ṣe ìbànújẹ́ ni ìyẹn ń fún mi. Ó ń fún mi ní ìsinmi kan tí mi ò lè dárúkọ. Igi yìí kò mọ̀ pé òun wà, ó lè lo 400 ọdún. Èmi mọ̀ pé mo wà, ìmọ̀ yẹn kò sì fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ mi. Ta ló ní ká mọ̀? Kí ni a fẹ́ fi mímọ̀ náà ṣe? Bóyá ohun tí a fi ń san án ni wíwò. Mo ń wò ó, nítorí pé òun kò lè wo ara rẹ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí òwe ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò mẹ́nu bà. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1939, iná ńlá mìíràn jó Victoria. Ènìyàn 71 kú, ilẹ̀ tó jóná sì sún mọ́ mílíọ̀nù 2 hẹ́kítà. Púpọ̀ nínú regnans tó wà lórí àwọn òkè ìhà yìí, ọmọ iná 1939 ni wọ́n. Àwọn ìyá wọn tó kú kò tètè wó. Wọ́n dúró ní òkú fún ọ̀pọ̀ ọdún, funfun, láìní ewé, inú wọn ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, ihò ń ṣí sí wọn lára. Nínú igi tó ṣì ń yè, irú ihò bẹ́ẹ̀ kì í sábà ṣí kí igi náà tó lé ní 120 ọdún. Ẹranko kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Leadbeater's possum, òru ló ń jáde, inú ihò igi ló ń gbé, òun pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Àwọn onímọ̀ ti rò pé ìran rẹ̀ ti run pátápátá kí wọ́n tó tún rí i ní 1961, lórí àwọn òkè yìí kan náà. Òkú igi 1939 ni ọ̀pọ̀ wọn fi ṣe ilé. Ẹranko yẹn kì í ṣe ọmọ regnans, kì í ṣe ìbátan rẹ̀, kò lè rọ́pò rẹ̀. Igi náà kò sì tún ara rẹ̀ ṣe. Ó kàn kú, ó dúró, ohun mìíràn sì rí ibi sùn sí nínú rẹ̀. Mo ti ń wá ìdáhùn méjì láti àárọ̀. Ìkẹta ti wà lókè orí mi, tí mi ò kà á sí.

Ìyà tó tún wà nínú igbó yìí, jẹ́jẹ́ ni àwọn ọmọ igi ń jẹ ẹ́. Mílíọ̀nù ọmọ tó hù lórí hẹ́kítà kan, nígbà tí igbó náà bá fi máa dàgbà dáadáa, bóyá 40 sí 80 ló máa ṣẹ́kù. Kì í ṣe iná ló pa ìyókù, kì í ṣe àáké. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn ni. Èyí tó fi ìwọ̀n ìka kan ga ju èkejì lọ ló gba ìmọ́lẹ̀, èkejì á rọ lábẹ́ rẹ̀. Ní 50 ọdún, àwọn tó kù lè ga tó mítà 65. A máa ń pe ikú 2009 ní àjálù, ó sì jẹ́ àjálù. Ikú àwọn tó kú sínú òjìji ẹ̀gbọ́n wọn kò ní orúkọ. Igbó ẹlẹ́wà ni a ń pè é.

Bẹ́ẹ̀ ni regnans kò lè ṣe láìsí iná. Ọmọ rẹ̀ kò lè dàgbà lábẹ́ òjìji ìyá. Bí iná kò bá dé fún nǹkan bí 500 ọdún, àwọn ìyá á gbó, wọ́n á máa wó lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì ní sí ọmọ lábẹ́ wọn. Igi bíi Nothofagus, tó mọ bí a ṣe ń dàgbà lábẹ́ òjìji, á gba ilẹ̀ náà. Bí iná bá sì tètè dé jù, ó burú ju ìyẹn lọ. Regnans nílò tó 15 sí 20 ọdún kó tó ní kóró tó pọ̀ lókè. Iná tó bá bá a kó tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ á pa á pẹ̀lú apó òfìfo, akásíà á sì bo ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, kò sí ìyá, kò sí ọmọ, kò sí ẹni tó máa rọ́pò ẹnikẹ́ni. Obliqua tó wà lórí òkè á rúwé, á máa wo ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn méjèèjì fún ikú, àti ti kóró àti ti èèpo nínípọn, orí ohun kan ṣoṣo ni wọ́n dúró sí: àkókò tó wà láàárín iná kan àti èkejì. Inú àkókò yẹn ni kóró ti ń gbó. Inú rẹ̀ ni èèpo ti ń nípọn. Inú rẹ̀ ni ihò ti ń ṣí fún ẹranko òru. Inú irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni èmi náà wà báyìí, ọwọ́ mi dúdú fún èédú, òjò ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, mi ò sì mọ bí ó ṣe gùn tó. Èyí jọ mí lójú ju ìbéèrè nípa ẹni tó kú àti ẹni tó kù lọ.

Àkókò yẹn ń kúrú. Ayé ń gbóná sí i. Iná ńlá jó Victoria ní 2003, ó tún jó o láti òpin 2006 wọ 2007, ó jó o ní 2009, ó sì jó o láti òpin 2019 wọ 2020. Delegatensis, ìbátan wọn tó ń gbé lórí òkè tó ga ju ti regnans lọ, ti rí iná léraléra ní ibòmíràn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ìjọba ní láti máa fi ọkọ̀ òfuurufú fọ́n kóró rẹ̀ sórí eérú, torí pé ọmọ kò tíì tó ọmọ bí kí iná tó padà dé. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2024, ìpínlẹ̀ Victoria ti fòpin sí gígé igi igbó àdánidá ìjọba fún òwò. Inú mi dùn sí ìyẹn gidigidi. Àáké ti sinmi. Iná ló kù.

Àwọn regnans tó hù sórí eérú Kinglake ní 2009 yóò pé 20 ọdún ní 2029. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí wọn, àti ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ti fi Melbourne ṣe ilé, tí ẹ máa ń gun orí òkè yìí wá ṣe fàájì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: bí ẹ bá dá iná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ da omi sí i, ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ rí i pé ó ti tutù, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.